Ìrántí Rẹ̀ Kò Tó

Ní erékùṣù Hiiumaa, oṣù kejì, òkun ti dì gbagidi.
Ọkọ̀ tí ń kó èrò sọdá dúró sí èbúté bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀.
Vambola, tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ṣe,
jókòó nílé ìdáná, ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo itan,
ó ń wo kọ̀ǹpútà Leida.

Ó tẹ bọ́tìnnì. Fáànù sín, ó wúkọ́, ó wá ń kùn.
Ọ̀rọ̀ funfun ya wálẹ̀ lójú sikirínì
gììrì gììrì, bí àgùntàn tí ajá lé.
Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.
Òkùnkùn. Ìlà kékeré kan lókè, lápá òsì,
tó ń ṣẹ́jú, tó ń ṣẹ́jú,
bí ẹni tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ sọ.

Taavet, ọmọ ọmọ àbúrò Leida, wí lórí fóònù láti Tartu:
“Bàbá, ẹ sọ ọ́ nù. Ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí.
Ìrántí rẹ̀ kò tó.”
“Tèmi náà kò tó. Ṣé kí wọ́n sọ èmi náà nù?”
Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. “Ó dáa. Ẹ mú bírò.”

Bọ́tìnnì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, làkúrègbé sì ti gba ìka;
ìdí ṣíbí ló fi tẹ ẹ̀kẹta.
Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí. Kò sí àwòrán níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán ni,
ṣùgbọ́n inú ilé ni. Ẹ̀rọ bi í pé: Ta ni?
Ó kọ orúkọ aya rẹ̀.
Páásíwọ́ọ̀dù: orúkọ ajá wọn tó ti kú.

Ó ka ẹjọ́ tí ẹ̀rọ rò nípa ara rẹ̀, ọ̀ọ́dúnrún ìlà.
N kò rí ojú kankan, bẹ́ẹ̀ ló parí sí.
N kò rí ojú kankan,
sikirínì náà sì rèé tó ranjú mọ́ ọn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Taavet ló kó aṣọ tuntun wọ̀ ọ́:
fèrèsé tó ní òjìji, tó ń dán bí omi, tó ń fò wọlé fò jáde.
Wọ́n di ẹrù ẹṣin lé ewúrẹ́ lẹ́yìn.
Vambola tú u, ìdì kan tẹ̀lé òmíràn,
ó fi kékeré rọ́pò, èyí tí kò ní ju aago kan lọ.
Nọ́ńbà sikirínì, ó dà á kọ láti inú ìwé tí Leida fi táípúráítà tẹ̀.

Ó tún tan án. Òkùnkùn náà nìyẹn.
Ó bú u lédè àwọn inú ẹ́ńjìnnì,
èyí tí Leida kì í jẹ́ kó sọ nílé.
Ó po kọfí. Ó ti igi sínú ààrò.
Ó padà, ó ń ka fáìlì náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan
bó ti máa ń fi etí wá ariwo láàárín irin:
kì í ṣe èyí. Kì í ṣe èyí.
Èyí.

Táípúráítà Leida kò ní ení rárá.
Lẹ́tà l ló máa ń fi dípò rẹ̀, láti ìgbà ọmọdé.
Igi wọ́rọ́kọ́ kan ṣoṣo, òun ló da gbogbo iná rú.
Ìka rẹ̀ pẹ́ lókè kó tó tún ọwọ́ aya rẹ̀ kọ.

Pápá aláwọ̀ eérú tẹ́ sílẹ̀ gbalasa,
àmì kan láàárín rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ lórí yìnyín.
Ó ti eku oníwáyà. Àmì náà rìn.
“Hẹn,” ni Vambola wí.

Fèrèsé ilé ìdáná ti dì pa, kò rí ìta;
fèrèsé inú ẹ̀rọ ni àwòrán ti ń yọ, láti òkè wálẹ̀,
ìlà kan, ìlà kan: ojú ọ̀run, òpó èbúté,
orí fìlà ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì.
Ó dúró síbẹ̀. Ìrántí ti tán.

Ó bu kọfí sí i.
Kò sí ọkọ̀ tó ń lọ lónìí.